Ẹgbẹ́ oníkíróṣè tó dákẹ́: ìbéèrè wo ló ń ṣí wọn lẹ́nu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ àwa oníkíróṣè kan lórí WhatsApp. Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ wa wà, àwọn yòókù wà ní Ọ̀fà níbí, ní Òmù-Àrán àti ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Iṣẹ́ ọwọ́ wa dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ láàárín wa. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, wọn á ní “Máṣáà Allah”, “ó rẹwà”, wọn á fi àtàǹpàkò sí i, ó parí nìyẹn. Tí mo bá sì bi wọ́n pé “Kí lẹ ń hun lọ́wọ́?”, ẹni méjì ló máa dáhùn. Kí ni mo lè ṣe tí wọn á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú àmójútó ẹgbẹ́. Ẹ má rò pé àwọn èèyàn yín ò lọ́rọ̀ sọ. “Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀” ni wọ́n ń ki ìlú yẹn, ẹni tó bá sì ti ná ọjà ní Ìpàta rí mọ̀ pé kì í ṣe oríkì lásán. Obìnrin tó lè dúró lórí ìdúnàádúrà bọ́ọ̀lù wúùlù mẹ́ta títí ọlọ́jà á fi ní kó máa gbé e lọ, ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọn lẹ́nu. Ìbéèrè tí ẹ ń bi wọ́n ni kò ní ibi tí wọ́n lè dì mú.

“Kí lẹ ń hun lọ́wọ́?” Ìkíni nìyẹn. Ìkíni sì ti ní ìdáhùn tirẹ̀ nílẹ̀: “A dúpẹ́.” Fọ́tò iṣẹ́ tó ti parí, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyìn ni òun náà ń wá, ìyìn náà ló sì máa rí gbà. Kí lẹlòmíì tún fẹ́ fi kún un? Iṣẹ́ tí kò tíì parí ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀: ibi tó ti lọ́, ibi tí wúùlù ti tán lójijì, ibi tí bátànì ti ń sọ ohun tí ọwọ́ ò gbọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ni pé kí wọ́n gbé ibi tó ń dà wọ́n láàmú wá síwájú ẹgbẹ́, kí wọ́n fi èyí tó rẹwà pa mọ́ de oníbàárà.

Ẹ jẹ́ ká mú fìlà, fìlà kíróṣè tí àwọn ọkùnrin wa ń dé lọ sí mọ́sálásí. Ẹni tó bá ti hun ún rí mọ̀ pé láti àtàrí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú kúkurú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, ojú 6 lẹ máa kọ́kọ́ hun sínú òrùka, ìyípo kejì á di 12, ìkẹta á di 18, ẹ ó máa fi 6 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá jẹ́ ojú tó ga jù ú lọ tí wọ́n ń pè ní double crochet, 12 lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, 12 náà lẹ ó máa fi kún un. Orí tí wọ́n wọ̀n tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57 yíká, ẹ fi 3.14 pín in, ẹ ó rí nǹkan bíi 18. Nígbà tí pẹrẹsẹ yẹn bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, ẹ dẹ́kun fífi ojú kún un, ẹ kàn máa hun ojú lójú, ẹ̀gbẹ́ fìlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 18 yẹn síwájú àwọn tó ń ta fìlà, kí ẹ wá gbọ́ ariwo. Ọ̀kan á ní kí ẹ dúró ní 17, nítorí wúùlù máa ń nà tí wọ́n bá ti dé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òmíràn á ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí kò hun ún mọ́ra dáadáa ni fìlà rẹ̀ ń nà. Ẹ̀kẹta á bi wọ́n léèrè pé ṣé òwú ni wọ́n ń sọ ni àbí akírílíkì.

Nítorí náà, ẹ má fi fọ́tò fìlà síbẹ̀ kí ẹ ní “ẹ wo fìlà tí mo hun.” Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Fìlà yìí ń ká sókè bí àwo ọbẹ̀ kó tó fẹ̀ tó orí, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ojú kún un. Ẹ bá mi wò ó, níbo ló ti ń bọ̀?” Ẹ ó rí i pé ìbéèrè ni wọ́n máa fi dá ìbéèrè lóhùn. Ojú mélòó lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Píìnì kíróṣè wo lẹ lò? Ṣé ẹ ò ka ojú tí ẹ fi so ìyípo pọ̀ mọ́ ọn? Tí èèyàn bá ti ń béèrè lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ nìyẹn. Tó bá ń ká sókè, ojú tí ẹ fi kún un kéré. Tí etí rẹ̀ bá ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó pọ̀ jù. Ẹ má tètè sọ èyí fún wọn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á láàárín ara wọn.

Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn nìkan lè mú yín rìn jìnnà. Lọ́dún 1997, Daina Taimiņa, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Latvia tó ń kọ́ni ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí àwa ń tú dànù: ó ń fi ojú kún iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láìdẹ́kun, títí tó fi ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wọ inú ara rẹ̀. Irú ojú ilẹ̀ kan wà nínú ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní hyperbolic, tó ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì ṣòro láti rí lọ́kàn. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bébà sì máa ń ya. Ti kíróṣè, akẹ́kọ̀ọ́ lè dì í mú, kó ká a, kó nà án. Nígbà tó di 2005, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan, Margaret àti Christine Wertheim, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hun àwòrán iyùn inú òkun, àwọn oníkíróṣè káàkiri ayé sì bá wọn dá sí i. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín pé kí olúkúlùkù fi ojú kan kún un lẹ́yìn ojú mẹ́ta-mẹ́ta, láìdúró, pẹ̀lú wúùlù àjẹkù tó wà nílé, kí wọ́n ya fọ́tò ohun tó dà. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ látọdún tó kọjá á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ti òun burú.

Bí ẹ bá fẹ́ ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá lè dáhùn, ọwọ́ ni kí ẹ bèèrè. “Ẹ ya fọ́tò ọwọ́ yín bí ẹ ṣe mú píìnì.” Àwọn kan ń mú un bí ẹni mú bírò, àwọn kan bí ẹni mú ọ̀bẹ, kò sì sí èyí tí kò dáa níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bi àwọn ọlọ́wọ́ òsì pé ta ló kọ́ wọn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa: ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti gbá lọ́wọ́ ní kékeré pé kí wọ́n má fi òsì gba nǹkan. Ìtàn wà lẹ́nu wọn. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀: ọlọ́wọ́ òsì tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń kọ́ níṣẹ́, kó má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́, kó kọjú sí i, ohun tó ń rí á dà bíi ti inú dígí.

Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ kì í tán ni orúkọ ojú kíróṣè. Bátànì tó wá láti Britain àti èyí tó wá láti Amẹ́ríkà ń lo orúkọ kan náà fún ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni ará Britain ń pè ní double crochet. Double crochet ti Amẹ́ríkà ni treble ti Britain. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tàbí nínú ìwé àtijọ́ tó wá láti Britain, àtẹni tó kọ́ ọ nínú fídíò YouTube, wọ́n lè jókòó ti ara wọn kí wọ́n máa ka bátànì kan náà, kí wọ́n sì hun aṣọ méjì. Kádígáànì ọmọ ọwọ́ tí ìwé Britain ní kí ẹ fi double crochet hun, tí ẹ bá lo ti Amẹ́ríkà, ojú yẹn á ga ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó dé abíyá, ẹ ti hun aṣọ ọmọ tó ti ń rìn. Àmì kan wà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀: ẹ wò ó bóyá single crochet wà nínú bátànì náà. Bátànì Britain òde òní kì í lo orúkọ yẹn, nítorí náà bí ẹ bá rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Amẹ́ríkà.

Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ di ìbéèrè? Ẹ hun ojú kan péré, ẹ ya á ní fọ́tò nítòsí kí okùn rẹ̀ hàn kedere, ẹ wá bi wọ́n pé: “Kí lẹ ń pe eléyìí, ta ló sì kọ́ yín pé bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́?” Apá kejì ìbéèrè yẹn lóògùn wà. Apá àkọ́kọ́ á dá ìyàn sílẹ̀, èyí dáa. Ṣùgbọ́n apá kejì á mú kí ọ̀kan sọ pé tíṣà Home Economics òun ni, kí òmíràn ní ìyá àgbà kan ní Òkèlele tó máa ń jókòó síwájú ilé lẹ́yìn Àsárì ni, kí ẹ̀kẹta ní òun ò ní tíṣà kankan, dátà òun ni òun fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kò ní ṣàjèjì níbẹ̀ mọ́.

Ẹ tún ní wúùlù. Wúùlù ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lórí igbá akírílíkì ni, kì í ṣe irun àgùntàn. Ẹni tó hun bùláòsì akírílíkì wọ̀ nínú ooru Máàṣì ní Ìlọrin mọ ohun tí mò ń wí. Bí bébà ara rẹ̀ bá ti sọnù, iná ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ gé e bí ìka kan, ẹ fi ohun ìfàyọ irun dì í mú lókè àwo omi, níbi tí ọmọdé ò sí, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Akírílíkì á yọ́, á sì dì kókó dúdú. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, iná ara rẹ̀ á sì fẹ́ kú fúnra rẹ̀. Kí olúkúlùkù ṣe é lórí èyí tó rà kẹ́yìn, kó sọ ohun tó rí àti ibi tó ti rà á. “Ta ló mọ ẹni tó ń ta òwú gidi ní Ọjà Ọba?” Ìbéèrè yìí ò lè gbó láé, nítorí ọjà ń yí padà.

Àyẹ̀wò mìíràn tí mo fẹ́ràn: wúùlù funfun tán nígbà tó ku apá kan aṣọ, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà, ẹ ra funfun mìíràn, nígbà tí ẹ dé ìta gbangba, funfun méjèèjì ò jọra. Nọ́ńbà aró tó wà lára bébà wúùlù, tó ń fi àwọn tí wọ́n jọ pa láró pọ̀ hàn, kò bára mu ni. Kí lẹ máa ṣe? Àwọn kan á tú apá kejì kí wọ́n lè pín in dọ́gba. Àwọn kan á máa hun ìlà kan láti inú ti àtijọ́, ìlà kan láti inú tuntun, kí ojú má tètè rí ààlà. Àwọn tó gbóyà á mú àwọ̀ búlúù, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ṣe fẹ́ ẹ látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo oníkíróṣè ló ti dé oríta yìí rí, kò sì sẹ́ni tí kò lérò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ìyẹn ló gbóná jù, òun náà ló sì tètè ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ má bèèrè pé “Èló lẹ ń tà á?” Oníbàárà kan náà ni ẹ jọ ń lé ní Tanke àti ní Fate, ta ni yóò tú àṣírí iye tó ń tà? Ẹ gbé ìṣirò wá dípò rẹ̀: kádígáànì ọmọ oṣù mẹ́fà, bọ́ọ̀lù wúùlù 3, bọ́tìnì 5, wákàtí 9. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dá iye lé e, kí wọ́n sì sọ ìdí. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí àwọn tí kì í ka wákàtí wọn rárá. Ẹ tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń wí fún oníbàárà tó ní òun rí súẹ́tà lọ́jà òkìrìkà tó dínwó ju èyí lọ. Ohun tí èmi máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ ló hun súẹ́tà yẹn, níttìn ni. Kíróṣè gidi, wọn ò tíì rí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó ń hun ún. Níbikíbi tí èèyàn bá ti rí i lórí igbá, ọwọ́ ẹnì kan ló ti wá. Tí owó rẹ̀ bá wá kéré jọjọ, ẹ mọ ẹni tí wọ́n yàn jẹ.

Nígbà ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Ireland lọ́dún 1845, léèsì kíróṣè ni ọ̀pọ̀ obìnrin níbẹ̀ hun tà fún àwọn olówó kí ilé wọn lè jẹun. Àwọn sísítà ìjọ Kátólíkì wà lára àwọn tó kọ́ wọn. Wọ́n máa ń pín iṣẹ́ náà: ẹnì kan á máa hun òdòdó, ẹnì kan ewé, ẹlòmíì á wá fi okùn so gbogbo rẹ̀ pọ̀. A ò ṣàjèjì sí irú ẹ̀ ní Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ di odidi aṣọ. Ohun tó mú mi dárúkọ ẹ̀ ni pé iṣẹ́ àjọṣe ń fa ọ̀rọ̀ ju ìbéèrè èyíkéyìí lọ. Bí ọ̀kan nínú yín bá lóyún, kí olúkúlùkù hun igun mẹ́rin kan ṣoṣo, sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà méjèèjì, fún bùláńkẹ́ẹ̀tì ìkómọ. Píìnì kan náà, mílímítà 4, irú wúùlù kan náà. Ẹ ó rí i pé kò ní dọ́gba! Ọ̀kan á jẹ́ 9, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12, nítorí ọwọ́ kan le, ọwọ́ kan rọ̀. Ta ni kó yí píìnì padà? Ta ni kó tú tirẹ̀? Ẹni tó máa so ó pọ̀ á fẹ́jọ́ gbogbo yín sun ara yín, ẹgbẹ́ á gbóná fún odidi ọ̀sẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Níbi tiwa, ọmọ ogún ọdún ò ní la ẹnu sọ fún ìyá tó ti ń hun kó tó bí i pé ojú kan fò nínú iṣẹ́ ìyá náà. Á kọ “ó rẹwà, mà,” á sì lọ. Àwọn àgbà gan-an ni kó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ bẹ ọ̀kan nínú wọn ní kọ̀rọ̀ pé kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá kó sì sọ ohun tí ì bá yí padà níbẹ̀ tó bá tún un hun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òfin kékeré kan lélẹ̀: ẹni tó bá kọ “ẹ bá mi yọ̀” sábẹ́ fọ́tò, ìyìn nìkan ni kí wọ́n fún un; ẹni tó bá kọ “ẹ bá mi wò ó” ti gba ìtọ́sọ́nà, lọ́mọdé lágbà. Ẹ má sì bẹ̀rù àríyànjiyàn. Ìjàkádì lorò Ọ̀fà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Kí ẹ kàn rí i pé iṣẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, kì í ṣe èèyàn.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́, kí ẹ má ní àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Oníkíróṣè tí píìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní gbé e sílẹ̀ tìtorí kó lè wá lẹ́tà lójú fóònù. Lẹ́yìn Ìṣáà, nígbà tí ọmọ bá ti sùn, ni kí ẹ gbé ìbéèrè jáde. Ẹyọ kan ló tó, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gbé òmíràn wá. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má kọ́kọ́ dáhùn o: nígbà tí ádímìn bá ti sọ tirẹ̀, àwọn yòókù á rò pé ẹjọ́ ti parí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ mú ẹni kan nínú àwọn tó dáhùn, kí ẹ tún bi í: “Mílímítà mélòó nígbà náà?” Ẹni tó bá sì ń pín bátànì tí wọ́n ń tà, ẹ dá a lẹ́kun. Iṣẹ́ ọwọ́ oníkíróṣè bíi tiyín ni. Ẹ lè jíròrò ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ láì gbé odidi rẹ̀ síta.

Tó bá jẹ́ èmi, fìlà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ hun àtàrí méjì pẹ̀lú wúùlù kan náà, ẹ fi 6 kún ọ̀kan ní gbogbo ìyípo, ẹ fi 8 kún èkejì, kí ẹ dúró nígbà tí ìyàtọ̀ wọn ò tíì hàn púpọ̀. Ẹ fi fọ́tò méjèèjì síbẹ̀ láìsọ èwo ni èwo, kí ẹ sì bèèrè èyí tí yóò wọ orí lọ́jọ́ Iléyá àti ohun tí èkejì máa dà. Ẹ dárúkọ àwọn méjì mẹ́ta tó máa ń hun fìlà, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lẹ ń retí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ko àwọn yòókù, òun ni kí ẹ gbé ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lé lọ́wọ́.